Nínú Owó Etíkun Tí A Ń Dá, Èwo Ni Ti Ẹ̀mí Wa?

Bí ìdánwò bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa ń kù lẹ́nu wa láti Awo Hall títí dé Mozambique: ìgbà wo ni a máa lọ sílé, àti ibo ni a máa lọ gbafẹ́ kí a tó lọ sílé. Ẹnìkan á fi fídíò etíkun Jàmáíkà tàbí ti Barbados hàn wá lórí fóònù. Omi á máa dán bíi dígí, igi àgbọn á máa mì lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, gbogbo wa á sì mí kanlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ọkọ̀ òfurufú Air Peace gbéra láti Èkó tààrà lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà, ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà, síbẹ̀ a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye ọdún tí a máa fi tọ́jú owó. Ìṣirò náà kò tíì parí títí di òní.

Kò burú, a ní etíkun tiwa. Tarkwa Bay wà ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbéni débẹ̀. Ìlàṣẹ wà. Elegushi àti Oniru wà fún ẹni tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Dẹpátímẹ́ǹtì á gba owó lọ́wọ́ wa, wọn á háyà bọ́ọ̀sì, a ó jí gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, a ó gba Ìbàdàn kọjá, ó di Èkó. Nínú owó yẹn ni T-shirt wà, ìrẹsì àti adìyẹ wà níbẹ̀, ọtí àti DJ náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni pé nínú gbogbo owó náà, èwo ni ti ẹ̀mí wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí ẹ má baà rò pé a jókòó sí yàrá ká máa wàásù fún yín. Ní ìparí sáà kan tó ti kọjá, àwa mẹ́rìndínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi kan lọ sí etíkun kan ní Èkó. Life jacket mẹ́sàn-án ló wà nínú ọkọ̀. A ní kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ mú, àwọn kan nínú wọn kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń rùn, pé yóò ba fọ́tò àwọn jẹ́. Àwa ọkùnrin ń ṣe bí akin. Awakọ̀ ní kí a fọkàn balẹ̀, pé kí wọ́n tó bí wa ni òun ti ń tu ọkọ̀ lórí omi yìí. Ìgbà tí a padà délé ni ẹnìkan nínú wa rán wa létí pé awakọ̀ náà wọ tirẹ̀, ó sì so gbogbo okùn rẹ̀ pinpin.

A débẹ̀ láyọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀kan nínú wa, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù, rìn wọ inú òkun títí omi fi mù ún dé ìbàdí. Ibi tí ó yàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, àmọ́ kò sí ìgbì kankan níbi tí ó wà, ìdí nìyẹn tí ó fi yan ibẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti jìnnà sí wa. Ó ń ju ọwọ́ sókè. A rò pé ó ń kí wa ni, a sì ń juwọ́ sí i padà. Ẹnìkan tilẹ̀ ń ya fídíò rẹ̀. Bàbá kan tó ń ta àgbọn lórí iyanrìn ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò bẹ́ sómi. Ó pariwo sí i pé kó yé jà, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ó sì ké sí àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi pákó gun ìgbì. Àwọn ni wọ́n fi pákó wọn lọ bá a, tí wọ́n sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ wá sí èbúté ayọ̀.

Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà padà sí Ifẹ̀, kò sí ẹni tó lanu sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi kọjá Ìbàdàn. Ẹni tó ya fídíò náà pa á rẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì yà wá lẹ́nu pé ohun tí ènìyàn lè kọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nígbà tí ìgbì bá ń ya lu etíkun, omi ni ó ń dà sórí ilẹ̀. Omi yẹn gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó ti wá. Bí ó bá rí àyè tóóró kan tí iyanrìn ibẹ̀ jìn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà padà, ó sì máa ń sáré. Ìṣàn yìí ni òyìnbó ń pè ní rip current. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ojú ẹni tí kò mọ̀ ni ó ti dára jù. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, nítorí náà ó dà bí ibi tí ara ti rọ omi. Àwọ̀ omi ibẹ̀ lè dúdú díẹ̀, tàbí kí iyanrìn àti ìfófòó máa ṣàn lọ sí àárín òkun. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ìṣàn náà kì í fa ènìyàn sí ìsàlẹ̀ omi, ṣe ló ń gbé e lọ síwájú, kúrò ní ilẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn ni ìjàkadì. Ènìyàn á rí i pé ilẹ̀ ń jìnnà sí òun, ẹ̀rù á bà á, á kọjú sí ilẹ̀ gan-an, á máa fi gbogbo agbára bá omi jà, ó sì máa rẹ̀ ẹ́. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lágbára ju òkun lọ, ẹni tó ń gba wúrà nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ pàápàá kò lè bá a du eré náà pẹ́. Ohun tó yẹ ni kí ènìyàn léfòó, kí ó mí, kí ó nawọ́ sókè pe ènìyàn. Bí ó bá ní agbára, kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, bí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá etíkun, títí yóò fi kúrò nínú ìṣàn tóóró náà. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó wá kọjú sí ilẹ̀.

Àwọn baba wa ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò ní jìnnà sí iyanrìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ìgboyà rẹ̀ máa ń gbé lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2025, Malcolm-Jamal Warner, òṣèré ará Amẹ́ríkà tí àwọn òbí wa mọ̀ sí Theo nínú The Cosby Show, kú sínú omi ní ẹkùn Limón lórílẹ̀-èdè Costa Rica, lápá ibi tí ilẹ̀ náà ti kọjú sí òkun Caribbean. Ìsinmi ni òun àti ẹbí rẹ̀ lọ lò níbẹ̀. Ó ń lúwẹ̀ẹ́, ìṣàn omi gbé e lọ. Ẹni ọdún 54 ni. Òun kì í ṣe aláìní, kì í sì í ṣe ọmọdé. Irú etíkun tí a ń fi fídíò rẹ̀ mí kanlẹ̀ ní Awo Hall ni ó kú sí. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ wa ló ṣẹlẹ̀ sí i, àfi pé tirẹ̀ kò yọ.

Kí a wá sórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí òṣèré Nollywood, Jnr Pope, kú sínú odò Anam nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Kò wọ life jacket. Òun nìkan kọ́ ló kú. Fídíò tó fi léde láti inú ọkọ̀ ṣáájú kú, ibi tí ó ti ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra, gbogbo wa la wò ó, gbogbo wa la sọ pé “áà”. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a tún wọ ọkọ̀ láìwọ nǹkan kan.

Òfin wà. LASWA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo èrò wọ life jacket, ó sì kọ̀ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́. Bí òfin bá wà tí èrò kò béèrè, tí awakọ̀ kò sì bìkítà, kí ni òfin náà fẹ́ ṣe? Èrò ló lágbára jù níbẹ̀. Bí àwa mẹ́rìndínlógún bá jọ sọ pé, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá méje sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò lọ,” ṣé awakọ̀ máa pàdánù owó ènìyàn mẹ́rìndínlógún nítorí ẹ̀wù méje? Yóò wá a kàn. A kò béèrè ni. Ojú ń tì wá kí wọ́n má baà sọ pé ojo ni wá.

Àwọn kan máa sọ pé inú Tarkwa Bay kò léwu. Lóòótọ́ ni pé omi inú rẹ̀ rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé ògiri òkúta ńlá tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ sẹ́nu èbúté Èkó ló ń gba ìgbì dúró fún un. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ògiri yẹn ni òkun gidi wà. Ẹni tó bá rìn kúrò nínú bèbè náà lọ sí apá tó kọjú sí gbangba òkun ti kúrò nínú ààbò. Elegushi àti Oniru pàápàá, gbangba òkun ni wọ́n kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú omi nìkan ni òkun ti ń bá ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya bo etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó gbé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ lọ, ìjọba sì kó gbogbo ènìyàn kúrò níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ, àsìkò òjò, àsìkò tí òkun Èkó máa ń bínú. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wa kí ẹ rí iye ìgbà tí ìsinmi wa máa ń bọ́ sí àárín oṣù wọ̀nyẹn.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. “Ẹ̀yin èèyàn yìí ti pọ̀ jù. Ìgbádùn la wá. Ohun tí Ọlọ́run bá kọ ló máa ṣẹ.” Èyí tó ń fi òkun ṣe àyànmọ́ yìí ló dùn wá jù, nítorí Ilé-Ifẹ̀ ni a wà. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, síbẹ̀ Olókun kò ṣàjèjì níbí. Igbó Olókun wà nílùú yìí, ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onídígí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni orí idẹ tí ayé mọ̀ sí Orí Olókun ti wá sí ojútáyé ní 1910 nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì débí. Bí ènìyàn bá jẹ́ Kristẹni, bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, bí ó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ fún un. Àwọn tó fún òkun ní orúkọ tí wọ́n sì fún un ní oyè ń sọ fún wa pé ilé onílé ni. A kì í já wọ ilé onílé láìkágò. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí a bẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọtí nínú, kí a wá ní Ọlọ́run ló kọ ọ́. Àwọn kan náà ni wọ́n ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.

Àwọn mìíràn máa ní kò sí owó. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Dẹpátímẹ́ǹtì tó lè tẹ T-shirt fún ọgọ́ta ènìyàn lè háyà life jacket fún wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, T-shirt ni kó lọ.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba owó píkíníìkì lọ́wọ́ wa láti ìsinsìnyí lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó, kí a rí i pẹ̀lú ojú wa.

Àkọ́kọ́, life jacket kan fún orí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí kò bá pé, kí bọ́ọ̀sì padà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, bí DJ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ènìyàn mẹ́rin ó kéré tán wà tí wọn kò ní fi ẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà, kí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka orí wa: nígbà tí a bá ń wọ ọkọ̀, nígbà tí a bá débẹ̀, ní wákàtí wákàtí, àti nígbà tí a bá ń padà. Ẹni tó bá ti mutí kò gbọ́dọ̀ wọ omi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, etíkun tí ẹ̀ṣọ́ òmùwẹ̀ wà ni kí a máa yàn, bí àsíá pupa bá sì wà níbẹ̀, iyanrìn ni kí a jókòó lé. Kí a kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti burú. Bàbá alágbọn yẹn mọ òkun náà ju gbogbo wa lọ, kò sì sí ẹni tó kí i nínú wa nígbà tí a débẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló le jù fún ọkàn. Bí omi bá ń gbé ẹnìkan lọ, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń rì máa di ẹni tó wá gbà á mú, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ. Ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i: kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, pákó, okùn. Ẹ kígbe pe ẹ̀ṣọ́, ẹ pe 112 tàbí 767 bí ó bá jẹ́ Èkó ni. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Èémí ló nílò: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí ó sì máa tẹ àyà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín wa ní Ifẹ̀, wákàtí kan péré ni wọ́n lè fi kọ́ gbogbo dẹpátímẹ́ǹtì kan ní ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń sọ pé Èkó jìnnà, pé Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà nítòsí níbí ni àwọn máa lọ. Omi Olúmìrìn lẹ́wà, àmọ́ orí òkè ni ó ti ń bọ̀, láti ìpele dé ìpele. Oòrùn lè máa ràn níbi tí ẹ dúró sí, kí òjò ti máa rọ̀ lókè níbi tí ẹ kò rí. Bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, tí ó ń gbé ewé àti igi bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ yàtọ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ gun ibi gíga lọ. Àpáta ibẹ̀ náà ń yọ̀, sálúbàtà kọ́ ni à ń wọ̀ gun un.

Ẹni tí Ọlọ́run bá sì bá gbé owó rẹ̀ pé, tó dé Jàmáíkà lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, kó mọ̀ pé ìmọ̀ kan náà ni yóò gbé lọ. Òkun tó ń lu etíkun Èkó àti èyí tó yí àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn ká, omi Àtìláńtíìkì kan náà ló so wọ́n pọ̀. Láti oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì ńlá níbẹ̀, púpọ̀ nínú ìjì náà ló sì jẹ́ pé ojú ọ̀run apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni atẹ́gùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dá òkun kọjá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl ya lu Carriacou ní Grenada, ó wó ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ palẹ̀. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó dínwó ní oṣù Kẹjọ, kó béèrè ìdí tó fi dínwó.

Kì í ṣe pé a ní kí ẹ má lọ. Àwa fúnra wa máa lọ. Ọ̀rẹ́ wa tí òkun gbé yẹn ti sọ pé òun máa bá wa lọ, ó ní òun kò bá òkun ṣọ̀tá. Ó kàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí òun máa bi alága ẹgbẹ́ kí òun tó fi owó ránṣẹ́. Ìbéèrè náà ni a fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Bí alága bá ń wò ṣùnnùn tí kò rí èsì fọ̀, ẹ fi owó yín sápò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, a kò sì fẹ́ kí fọ́tò ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ T-shirt dẹpátímẹ́ǹtì di èyí tí wọ́n máa fi ṣe ìkéde òkú.